Kọ́kọ́rọ́ Orí Ìṣó

Yàrá mẹ́jọ, ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín, pàápàá ní aago mẹ́fà àárọ̀, nígbà tí gbogbo ikùn ilé bá jí lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé wọ́n jọ ṣèpàdé lóru.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ohun tuntun kan wà lára ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà: àgádágodo dúdú kan, ó tóbi tó ìkúùkù ọmọdé, ó ń dán bíi bàtà ọlọ́pàá. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn Ìyá Onílé. Ìwé kan wà lábẹ́ ìṣó, wọ́n sì fi okùn so bírò mọ́ ìwé kí bírò má baà sá lọ. Òfin Bàbá Onílé kò gùn rárá. Ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lálẹ́. Buwọ́ lùwé kí o tó mú kọ́kọ́rọ́, buwọ́ lùwé nígbà tí o bá dá a padà. Wọ́n ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà ń tètè kún. Bàbá Onílé fúnra rẹ̀ ní tirẹ̀ nínú ilé, àwo funfun tó ń fa omi, nítorí náà òfin náà kò dun ibì kankan lára rẹ̀.

Ta ló wá fi àgádágodo náà sára ilẹ̀kùn? Ibẹ̀ ni ẹ ó ti káwọ́ lérí. Ọkùnrin yàrá kẹfà ni, agékọ́kọ́rọ́, ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní Kòdúró nítorí pé kì í dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ tán. Ẹ kí i láàárọ̀, ẹ̀yìn ilé ni yóò ti dá yín lóhùn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìtàn fún un, kí ẹ tó dé ìdajì, ògiri lẹ ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn kan ní ìgbéraga ni. Onídìrí tó ń gbé yàrá kejì ní rárá o, obìnrin ló ń pè é.

Ohun tó ń pè é kì í ṣe obìnrin. Ìfun ni. Ìfun ńlá rẹ̀ ló ń wú, tó ń dégbò, tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Bó bá fẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó fẹ́ ẹ nísinsìnyí ni, kì í ṣe tó bá yá. Dókítà ti là á mọ́lẹ̀ fún un pé àìsàn náà kò ní pa á, kò sì ní fi í sílẹ̀. Kó máa lo oògùn, kó jìnnà sí ata, kó má sì jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ máa dàrú. Àfi bí ẹni pé ìdàrúdàpọ̀ ọkàn jẹ́ ọjà tí èèyàn lè wò kó sọ pé òun ò rà. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Nígbà tí Bàbá Onílé wá gbé iṣẹ́ àgádágodo fún un ní ọjọ́ méjì sẹ́yìn, kí ni kó sọ? Ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Ó sì ṣe iṣẹ́ náà dáadáa.

Ní aago márùn-ún ààbọ̀ ló ti lo tàárọ̀ tirẹ̀. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́fà kọjá díẹ̀, ikùn tún ti ń hó. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó di orúnkún mú, ó ń wo ilẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀, alágbàfọ̀, ń to aṣọ àwọn oníbàárà sínú abọ́ ńlá. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó jáde. Ó wọlé padà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

"Mo ti buwọ́ lùwé. Ẹ lọ lo tèmi."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo ní oníbàárà lójú títì lọ́hùn-ún. Wọ́n ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n sì láàánú. Ẹ dìde, jàre, kí ẹ má ba bẹ́ẹ̀dì mi jẹ́."

Ó lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Nígbà tó wọlé, òógùn bò ó níwájú orí, kọ́kọ́rọ́ sì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ìyàwó ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ gé e."

"Kí ni?"

"Kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ gé irú ẹ̀ kan. Ìṣẹ́jú mélòó ni? Mẹ́ta? Ẹ fi í sápò, kẹ́nikẹ́ni má mọ̀. Ẹ lè máa lọ nígbà tó bá wù yín."

"O mọ ohun tí mo kọ síwájú ṣọ́ọ̀bù mi."

Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Pátákó gbọọrọ kan ni, ọ̀dà pupa lórí funfun, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi kọ ọ́: A KÌ Í GÉ KỌ́KỌ́RỌ́ LÁÌ RÍ ẸNI TÓ NI ÍN. Nítorí pátákó yẹn ni àwọn èèyàn ṣe ń kó kọ́kọ́rọ́ ilé wọn fún un tí wọ́n sì ń sùn.

"Pátákó yẹn!" Ìyàwó yínmú sí i bí ẹni pé pátákó náà wà nínú yàrá. "Ọjọ́ tí ẹ bá dákú sẹ́nu ọ̀nà, pátákó yẹn náà ni n ó tẹ́ yín sí, èmi àti Onídìrí á gbé e, a ó gbé yín dé ilé ìwòsàn."

Ẹ̀rín fẹ́ pa ọkọ rẹ̀. Ikùn kò jẹ́.

"Òní kọ́," ló sọ. "O mọ̀ pé òní kọ́ ni. Aago mẹ́rin ni Màdáámù ń bọ̀."

 Màdáámù tó ń sọ yìí ló kọ́ ilé ibùgbé tuntun fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́: ọgọ́ta yàrá, ọgọ́ta ilẹ̀kùn, àti yàrá iṣẹ́ kékeré kan nísàlẹ̀ fún ẹni tí yóò máa mójú tó kọ́kọ́rọ́ wọn. Kòdúró ti rí yàrá iṣẹ́ náà. Kò rántí àwọ̀ ògiri rẹ̀ mọ́, kò rántí fèrèsé. Ohun tó rántí ni pé ilẹ̀kùn kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì ni, ti òun nìkan. Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lálàá mọ́tò. Ilẹ̀kùn yẹn lòun ń lálàá rẹ̀. Ṣùgbọ́n Màdáámù ní òun kò lè kó kọ́kọ́rọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ẹni tí òun kò mọ ibi tó ń sùn, òun á kọ́kọ́ wá wo ilé rẹ̀ ná.

Ìyàwó gbé ìrẹsì funfun sílẹ̀, kò sí ata, ẹyin bíbọ̀ kan wà lórí rẹ̀. Ọkọ wo oúnjẹ náà bí èèyàn ṣe ń wo fọ́tò ìbátan tó wà lókè òkun.

"N ó jẹ ẹ́ tí Màdáámù bá lọ."

"Àná ọ̀sán lẹ ti jẹun kẹ́yìn."

"Ohun tí kò bá wọlé kò lè jáde."

Ìyàwó fi àwo bo oúnjẹ. Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó lọ fi kọ́ orí ìṣó, ó sì buwọ́ lùwé.

Láti ilé dé ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ìrìn ogún ìṣẹ́jú. Àwọn mìíràn mọ ojú ọ̀nà náà nípa ilé búrẹ́dì, ilé ìwé àti ibi tí wọ́n ti ń ta fóònù. Kòdúró mọ̀ ọ́n lọ́nà tirẹ̀: ilé epo, ilẹ̀kùn kejì lápá ọ̀tún, ilé ìwòsàn kékeré, tí wọ́n kì í bi èèyàn léèrè ṣáájú aago mẹ́jọ, ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán, fún ọjọ́ tí ayé bá bàjẹ́ pátápátá. Láàárín ilé epo àti ilé rẹ̀, kò sí nǹkan kan. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yá jù.

Kò tíì gbé fáìlì tó fi ń ha irin jáde tán tí Onídìrí fi dé, tòun ti ọṣẹ funfun kan tó fi bébà dì.

"Ọ̀gá Kòdúró, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi wo ọṣẹ yìí."

Ó wò ó. Ojú kọ́kọ́rọ́ ti tẹ̀ sínú ọṣẹ náà kedere, eyín rẹ̀ márààrún. Òun fúnra rẹ̀ ló ta àgádágodo náà, ó mọ eyín yẹn bó ṣe mọ eyín ẹnu ara rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí pátákó.

"Mi ò mọ̀wé kà."

"Lánàá lo ka ìwé ìròyìn sétígbọ̀ọ́ gbogbo ilé."

"Àwòrán ni mò ń wò." Obìnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Oyún oṣù kẹjọ ló wà nínú àbúrò mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lálẹ́, ṣé ẹ ó lọ ṣàlàyé fún ọmọ inú?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ju bí obìnrin náà ṣe mọ̀ lọ. Àmọ́ ó mi orí. Onídìrí fi ọṣẹ rẹ̀ sínú báàgì, ó ní kò burú, òun á kúkú fi fọṣọ, ó sì pòṣé gígùn kan tó bá a dé ìkòríta.

Ẹni tó tún dé lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ ò ní gbà gbọ́. Ìyá Onílé ni. Ó fi aṣọ borí, ó ń wẹ̀yìn wò bí ẹni tó jí adìyẹ gbé. Ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó sì tú etí aṣọ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ orí ìṣó ló yọ síta.

"Gé irú rẹ̀ kan fún mi. Kíákíá."

"Màmá, ẹ̀yin?"

"Èmi. Ṣé n kì í ṣe èèyàn?" Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ti inú ilé ti dí. Ó ti pé oṣù mẹ́ta. Bàbá kò fẹ́ kí ẹ̀yin ayálégbé gbọ́. Ti ìta la jọ ń yọ́ lò láti ọjọ́ yẹn, ó sì ní tiyín ti dọ̀tí jù, ìyẹn ló ṣe ra àgádágodo. Kọ́kọ́rọ́ kejì wà nínú àpò rẹ̀, kì í yọ ọ́ fún mi. Ó ní kí èmi náà máa buwọ́ lùwé! Èmi, tí mo bí ọmọ márùn-ún fún un, kí n máa buwọ́ lùwé kí n tó yàgbẹ́!"

 Kòdúró gba kọ́kọ́rọ́. Ó fi há ẹnu fáìsì, irin tó ń di iṣẹ́ mú. Ó mú irin tí kò tíì léyín, ó tò ó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyàwó ẹni tó ni ín sáà nìyí. Bó bá gé méjì, ta ni yóò mọ̀? Ó gbé fáìlì lé e.

Ó gbé e kúrò.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí Bàbá fi ẹnu ara wọn sọ fún mi."

"Bàbá wo? Bàbá tí mò ń sá fún ni kí n lọ bẹ̀ níṣẹ́?" Ìyá Onílé dìde. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu fáìsì fúnra rẹ̀, ó dì í padà sétí aṣọ, ó sì so ó ní ìso méjì. "Ó dáa. Ilé àbúrò mi ni mò ń lọ. Wọ́n ń lo tiwọn láìsí ìwé. Ẹni tó bá ń wá kọ́kọ́rọ́ lónìí, kó máa fi ìṣó ṣí i."

Ó lọ. Inú Kòdúró sì dàrú, ìfun sì gbọ́. Eré ló sá dé ilé epo. Ọmọbìnrin tó ń ta epo níbẹ̀ kàn ń wò ó.

"Ẹ̀yin bùọ̀dá yìí, ẹ ò ní ọkọ̀, ẹ ò ní ẹ̀rọ, ẹ sì ń wá síbí ju gbogbo awakọ̀ ìlú lọ."

Láti inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ti dá a lóhùn.

Ìdajì wákàtí ṣáájú aago mẹ́rin ni Màdáámù dé. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó wọ bàtà tó ń dún kò, kò, kò, ó sì ń wo nǹkan fínnífínní. Ó wo yàrá, ó wo aṣọ oníbàárà tí ìyàwó ti lọ̀, tó tò lẹ́sẹẹsẹ. Ó wo fọ́tò ìgbéyàwó. Orí rẹ̀ ń mì jẹ́jẹ́, ó ń mì dáadáa. Ìyàwó gbé omi tútù wá. Bàbá Onílé jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìròyìn, ó yọjú, ó kí i bí ẹni tó kí ọba.

"Ṣé mo lè rí iṣẹ́ ọwọ́ yín kan?" Màdáámù bi í. "Èyí tó wà nítòsí."

Níbí ni Kòdúró ti ṣe àṣìṣe rẹ̀. Ó lè mú un lọ sẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé, òun ló ṣe kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀. Ó lè mú un lọ sí yàrá kẹta. Àmọ́ ìfẹ́ iṣẹ́ ń pa á, ohun tó sì dára jù tó ṣe ní ọdún yẹn ló fẹ́ fi hàn. Ó mú un lọ sẹ́yìn ilé, ó dúró níwájú ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó di àgádágodo dúdú náà mú, ó fà á, ó tún fà á.

"Irú eléyìí ni n ó fi sára ilẹ̀kùn yín, mà. Wọ́n lè lù ú, wọ́n lè wọ́ ọ. Kò sí ẹ̀dá tó lè ṣí i láìní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́."

"Ó dùn mọ́ mi nínú," ni Màdáámù wí. "Nǹkan tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn."

Ìgbà yẹn gan-an ni ìfun di í mú.

Kì í ṣe bíi tàárọ̀. Ó dà bí ẹni pé ọwọ́ kan wọ inú rẹ̀, ó gbá a mú, ó sì lọ́ ọ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń fún aṣọ. Òógùn tutù bò ó. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Màdáámù, ó ní ẹ jọ̀ọ́, mà, ìṣẹ́jú kan. Ó yára lọ sídìí ìṣó. Ìṣó wà níbẹ̀, ìwé wà níbẹ̀, bírò wà lára okùn rẹ̀.

"Bàbá, kọ́kọ́rọ́ ò sí lórí ìṣó."

Bàbá Onílé ṣí ojú ìwé ìròyìn sí òmíràn. "Lọ bi Màmá yín."

"Wọ́n ti jáde, sà. Ẹ bá mi wá tọwọ́ yín."

"Èwo ni tọwọ́ mi? Èmi ní tèmi nínú ilé. Ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lálẹ́. Alẹ́ ò tíì lẹ́."

Kòdúró wò ó. Bàbá Onílé wo ìwé ìròyìn. Ọ̀rọ̀ Ìyá Onílé wà lẹ́nu Kòdúró, ó kù díẹ̀ kó bọ́ sílẹ̀, àpò Bàbá sì yọ gọngọ lójú rẹ̀. Kò sọ ọ́.

"Bàbá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín!" Ìyàwó ti kúnlẹ̀. Àwọn ará ilé ti ń yọjú. Onídìrí jáde pẹ̀lú ìyarí lọ́wọ́. Ìyá arúgbó yàrá kẹjọ gbé orí sókè lórí àpótí rẹ̀.

Ilé epo jìnnà. Kò ní dé ibẹ̀, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé omi fẹ́ hó. Ó padà sẹ́nu ilẹ̀kùn náà, níwájú Màdáámù, níwájú gbogbo ilé. Ó fa wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ nínú àpò àyà rẹ̀. Ó tì í bọ ihò. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe.

Ó dún kákà.

Kí ojú tó ṣẹ́, àgádágodo ti ṣí. Ó wọlé, ó fa ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Díẹ̀ ti ba ṣòkòtò jẹ́.

Inú òkùnkùn yẹn ló ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ Bàbá Onílé tó ń pariwo, "Ẹ wò ó! Ẹ wo olè!" Ó gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ tó ròkè ju ti Bàbá lọ: "Àìsàn ni! Àìsàn ìfun ni! Ẹ̀jẹ̀ ló ń yà, ọdún kẹrin rèé, ojú ló ń tì í!" Lẹ́yìn ìyẹn ilé pa lọ́lọ́. Kò tíì gbọ́ kí ilé yẹn dákẹ́ báyẹn rí, àní lóru.

Màdáámù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò le.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyàwó. Ọlọ́run á wò wọ́n sàn."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró kó jáde."

"Mo ti rí ohun tí mo wá wò. Ọgọ́ta ọmọ ọlọ́mọ ni yóò máa sùn lẹ́yìn àwọn ilẹ̀kùn yẹn. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kì í ṣe ìbínú."

Kò, kò, kò. Bàtà náà la àgbàlá kọjá, ó la ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, títí kò fi dún mọ́.

Ó pẹ́ níbẹ̀. Ní àsìkò kan ó gbọ́ tí ẹnì kan gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kalẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn, tónítọ̀hún sì lọ. Nígbà tó fọ ara rẹ̀ tó jáde, àṣà iṣẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn: ohun tí èèyàn bá ṣí, kó tì í. Ó na ọwọ́ sí àgádágodo. Kò sí níbẹ̀.

"Àgádágodo mi dà?" Bàbá Onílé ti dìde. "Mo ní, ta ló mú àgádágodo mi?"

Onídìrí ń wo sánmà. Àwọn ọmọ ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ìyá arúgbó yàrá kẹjọ ká aṣọ mọ́ itan rẹ̀ gírígírí bí ẹni tí òtútù mú, oòrùn sì ń ta gan-an lọ́wọ́ yẹn.

"Agékọ́kọ́rọ́! Lọ mú òmíràn wá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ!"

Mọ́kànlá ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, ìyàwó rẹ̀ mọ̀, òun náà mọ̀.

"Ó ti tán, sà."

Nínú yàrá, ìyàwó ṣí ìrẹsì àárọ̀. Ó ti tutù, ó ti gan. Ọkọ jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ìyàwó ń fi omi bọ ṣòkòtò rẹ̀ nínú abọ́ tó yàtọ̀ sí ti oníbàárà.

"Ẹ lè tọ̀ ọ́ lọ lọ́la."

"Kí n lọ sọ kí ni?"

"Ẹ sọ òótọ́."

"Òótọ́ ló rí."

Láti yàrá kẹta, wọ́n gbọ́ òòlù: kòn, kòn, kòn. Ẹnì kan ń kan ìdábùú mìíràn mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ látinú. Tọkọtìyàwó náà gbọ́, kò sí èyí tó wo ojú ẹnì kejì. Ìyàwó ń fọ aṣọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Onídìrí kanlẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ máa bínú, Ọ̀gá. Èmi ni mo sọ pé obìnrin ni." Ó fi ìdì bébà ìnùdí tuntun kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì sá lọ bí ẹni tó jẹ gbèsè.

Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, ìlà ti wà níwájú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kò sí ìwé, kò sí bírò. Aboyún, àbúrò Onídìrí, ló wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kòdúró ló kàn, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ọwọ́ lórí ikùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Onídìrí ń bá a sọ̀rọ̀, òun náà sì ń gbọ́ ọ dópin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn irun ni.

Bàbá Onílé jáde láti inú ilé. Kẹ́tùrù omi wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ìdì bébà ìnùdí wà lọ́wọ́ òsì. Ó rìn dé ìdí ìlà, ó dúró.  Lẹ́nu ọ̀nà, Ìyá Onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé àbúrò rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà ní ìso méjì létí aṣọ rẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn tí kò ní àgádágodo mọ́. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ó wo kẹ́tùrù.

Kò sí ẹni tó bi Bàbá ní nǹkan kan nípa ti inú ilé. Wọ́n kàn ń wo kẹ́tùrù náà.

Aboyún jáde. Bàbá Onílé rìn síwájú ní ìṣísẹ̀ méjì, bó ṣe máa ń rìn níbi gbogbo nínú ilé rẹ̀. Kò sí ẹni tó yà fún un. Ìṣísẹ̀ kẹta kò ṣeé ṣe.

"Ta," ó wúkọ́, "ta ló kàn?"

Kòdúró yọ ẹ̀yìn kúrò lára ògiri.

"Èmi ni, sà," ló wí, ó sì wọlé lọ, ó sì farabalẹ̀ fi ìdábùú ilẹ̀kùn sí i látinú.